Dulwich Village: Abúlé Tí Lọ́ńdọ̀nù Yí Ká

Dulwich Village wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Southwark, nǹkan bíi máìlì 5 sí àárín gbùngbùn ìlú. Lọ́ńdọ̀nù ti yí i ká pátápátá, síbẹ̀ ìrísí abúlé kò tíì kúrò lára rẹ̀. Títì gbòòrò kan ló gba àárín rẹ̀ kọjá, òpó funfun kéékèèké tí wọ́n fi ṣéènì so mọ́ra wọn pààlà sáàárín koríko àti ojú títì, òpó amọ̀nà onígi sì dúró ní oríta tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Ilé bíríkì tí wọ́n ti kọ́ láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ṣì wà níbẹ̀ tí èèyàn ń gbé inú wọn. Ẹni tó bá ń wá ilé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tí owó rẹ̀ sì tó o, sábà máa ń yà síbẹ̀ wò. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í tètè mọ̀ ni pé ẹni tó bá ra ilé ní Dulwich ló ni ilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè dá pinnu bí ilé náà yóò ṣe rí lójú ọ̀nà. Òṣèré tíátà kan tó ti kú láti ọdún 1626 ló fa èyí.

Orúkọ Dulwich ti wà nínú ìwé láti ọdún 967, nígbà tí Ọba Edgar fi ilẹ̀ náà ta ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè rẹ̀ lọ́rẹ. Ní ọdún 1127, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn mọ́ńkì Bermondsey, ọwọ́ wọn ló sì wà títí Ọba Henry Kẹjọ fi tú àwọn ilé mọ́ńkì ká. Ìdílé Calton ra ilẹ̀ náà ní ọdún 1544. Ọmọ-ọmọ wọn, Francis Calton, kò mọ owó ṣọ́, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìyẹn ló jẹ́ kí Edward Alleyn rí ọ̀nà àtirà á bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1605.

Alleyn yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òṣèré tó gbajúmọ̀ jùlọ nígbà ayé Shakespeare. Òun ló kó ipa olórí nínú àwọn eré tí Christopher Marlowe kọ. Kì í ṣe orí ìtàgé nìkan ló ti rówó. Òun àti ọkọ ìyá ìyàwó rẹ̀, Philip Henslowe, jọ ń darí tíátà, wọ́n sì tún ń rówó nínú eré tí wọ́n ti ń dẹ ajá sí béárì kí àwọn òǹwòran lè gbádùn. Kò bímọ tó lè jogún rẹ̀. Ní ọdún 1619, Ọba James Kìíní fún un ní ìwé àṣẹ láti dá ilé àánú kan sílẹ̀, College of God's Gift, níbi tí arákùnrin aláìní 6, arábìnrin aláìní 6 àti ọmọdékùnrin 12 tí yóò máa kàwé yóò ti máa jẹun. Gbogbo ilẹ̀ Dulwich ló fi sílẹ̀ fún un. Owó ilẹ̀ ni wọn yóò máa fi bọ́ wọn.

Ìdí tí abúlé náà kò fi pa rẹ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí Lọ́ńdọ̀nù ń gbòòrò ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tó ni ilẹ̀ ní Camberwell, Brixton àti Peckham gé ilẹ̀ wọn sí wẹ́wẹ́ tà fún àwọn kọ́lékọ́lé, ilé sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́ láàárín ìgbà díẹ̀. Ilẹ̀ Dulwich kì í ṣe ti ẹnì kan tó lè tà á. Ilé àánú ló ni ín, ṣe ló sì ń fi í yá èèyàn fún iye ọdún kan, pẹ̀lú àdéhùn nípa irú ilé tí ayálẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ àti bí yóò ṣe tọ́jú rẹ̀. Bí ọdún bá pé, ilẹ̀ tòun ti ilé tó wà lórí rẹ̀ yóò padà sọ́wọ́ onílẹ̀. Ẹni tó ní sùúrù irú èyí kò ní kánjú kọ́ ilé jákujàku.

Àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè pàápàá kò kàn já gba ibẹ̀ kọjá. Reluwé dé ní àwọn ọdún 1860, ibùdókọ̀ West Dulwich ṣí ní ọdún 1863, ti North Dulwich sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1868. Àwọn alákòóso ilẹ̀ náà ní kí afárá tí reluwé yóò gbà kọjá lórí títì rẹwà lójú, Charles Barry Kékeré tó jẹ́ ayàwòrán-ilé wọn ló sì ya ibùdókọ̀ North Dulwich. Owó gbà-máà-bínú tí àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè san lórí ilẹ̀ ṣèrànwọ́ púpọ̀ láti kọ́ ilé tuntun Dulwich College, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1870. Barry yìí náà ló ya ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún, pẹ̀lú bíríkì pupa àti ọnà lára ògiri tó fi jọ ààfin ilẹ̀ Ítálì ju ilé ẹ̀kọ́ lọ.

Ní ọ̀nà College Road, ibodè kan ṣì wà tí awakọ̀ ti ń sanwó kó tó kọjá. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ John Morgan ló la ọ̀nà náà ní ọdún 1789 kó lè máa dé oko tó ń dá, nígbà tó sì rí i pé àwọn ẹlòmíràn ń gbà á, ó fi ibodè sí i. Nígbà tó kú, àwọn onílẹ̀ gba ibodè náà, wọn kò sì tú u. Òun nìkan ló ṣẹ́kù ní Lọ́ńdọ̀nù nínú irú rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ kì í sanwó níbẹ̀.

Ibi tí àlejò mọ̀ jùlọ ni Dulwich Picture Gallery, ilé àwòrán tí Sir John Soane yà, tí wọ́n sì ṣí fún gbogbo èèyàn ní ọdún 1817. Òun ni ilé àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ nítorí àwòrán nìkan, tí ará ìlú sì lè wọ̀. Ọba ilẹ̀ Poland ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó àwọn àwòrán náà jọ fún, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kó wọn jọ tán, àwọn orílẹ̀-èdè tó yí Poland ká ti pín in láàárín ara wọn, ọba kò sì ní ìjọba mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ọba ṣe di ti Dulwich. Ọ̀kan nínú wọn, àwòrán kékeré kan tí Rembrandt yà, ni àwọn olè ti jí gbé nígbà mẹ́rin láàárín ọdún 1966 sí 1983, ó sì ń padà wálé ní gbogbo ìgbà.

Ogun àgbáyé kejì ba ilé púpọ̀ jẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn ogun, ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, àwọn onílẹ̀ bá ilé-iṣẹ́ kọ́lékọ́lé Wates ṣàdéhùn, ilé-iṣẹ́ ayàwòrán-ilé Austin Vernon sì ya ọ̀pọ̀ ilé tuntun sáàárín igi. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà mọ èyí dáadáa. Ilé àtijọ́ tó kọjú sí ọ̀nà abúlé, irú èyí tí wọ́n máa ń yà sínú káàdì ìkíni, kò pọ̀, kì í sì í tètè bọ́ sọ́jà. Ohun tó pọ̀ jù nínú ilé tí wọ́n ń tà ni ilé ayé Ọbabìnrin Victoria àti ti Ọba Edward Keje, pẹ̀lú ilé òrùlé pẹrẹsẹ àti fúláàtì tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ogun. Àwọn ìkẹyìn yìí kò jọ abúlé àtijọ́ rárá, ṣùgbọ́n inú wọn mọ́lẹ̀, fèrèsé wọn fẹ̀, owó wọn sì máa ń rọjú ju ti ìyókù lọ. Ojú tí ọ̀pọ̀ fi ń wò wọ́n bí ilé tí kò lẹ́wà kò tọ́ sí wọn.

Orúkọ náà tún lè ṣi èèyàn lọ́nà. East Dulwich, West Dulwich àti Dulwich Village kì í ṣe ibì kan náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú East Dulwich, ní òdìkejì Lordship Lane, kò sí lára ilẹ̀ Alleyn. Ilé ibẹ̀ kéré, ó sún mọ́ra, òfin onílẹ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn alágbàtà ilé fẹ́ràn láti kọ orúkọ Dulwich sí ilé tó wà létí rẹ̀, nítorí náà àwòrán ilẹ̀ ni kí olùrà wò, kì í ṣe ìkéde.

Òfin kan tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe ní ọdún 1967, Leasehold Reform Act, ló yí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ padà. Ṣáájú rẹ̀, líìsì ni ọ̀pọ̀ ilé ní Dulwich: ayálẹ̀ ló ni ilé fún iye ọdún tí wọ́n kọ sínú ìwé, onílẹ̀ ló ni ilẹ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọmọ Nàìjíríà, nítorí ọdún 99 ni ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí gómìnà ń fún èèyàn sábà máa ń jẹ́. Òfin 1967 fún ẹni tó ti pẹ́ lórí líìsì ilé ní ẹ̀tọ́ láti fi ipá ra ilẹ̀ abẹ́ ilé rẹ̀, kí ilé tòun-tilẹ̀ di tirẹ̀ pátá. Àwọn ilẹ̀ ńlá bíi Dulwich rí i pé bí olúkúlùkù bá ra tirẹ̀ tán, kò sẹ́ni tí yóò tún lè sọ fún aládùúgbò pé kó má fi ọ̀dà àwọ̀ ọsàn kun ilé rẹ̀. Òfin kan náà fi àyè sílẹ̀ fún wọn: onílẹ̀ ńlá lè lọ sílé ẹjọ́ gíga láti gba ètò àkóso, tí yóò máa de gbogbo ilé tó wà lórí ilẹ̀ náà àní lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rà á tilẹ̀tilẹ̀. Dulwich gba tirẹ̀ ní ọdún 1974. Hampstead Garden Suburb ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, tí Henrietta Barnett dá sílẹ̀ ní ọdún 1907, náà ní irú ètò bẹ́ẹ̀.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún onílé ni pé ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Dulwich Estate, àjọ tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Alleyn lónìí, kó tó ṣe ohunkóhun tó lè yí ìrísí ìta ilé padà. Kì í ṣe ilé àfikún lẹ́yìn tàbí yàrá òkè àjà nìkan ni a ń sọ. Fèrèsé tuntun, àwọ̀ ilẹ̀kùn, irú páànù tàbí síléètì orí òrùlé, ọgbà tí yóò dojú kọ títì, pánẹ́ẹ̀lì sólà, àti pípa koríko iwájú ilé rẹ́ kí ọkọ̀ lè rí ibi dúró, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ igi le ju gbogbo wọn lọ. Onílé tó bá gé igi ńlá nínú ọgbà ara rẹ̀ láìgbàṣẹ ti rú òfin, bí igi náà tilẹ̀ ń dí oòrùn mọ́ ọn lójú. Wọ́n ń gbowó ìwé ìbéèrè, onílé kọ̀ọ̀kan sì tún ń san owó ọdọọdún fún ìtọ́jú àwọn ibi tí gbogbo èèyàn jọ ń lò àti fún iṣẹ́ àkóso náà.

Ọ̀dọ̀ Estate nìkan kọ́ ni àṣẹ ti ń wá. Southwark ti kéde abúlé náà gẹ́gẹ́ bí àdúgbò tí òfin dáàbò bò láti ọdún 1968, kò sì pẹ́ lẹ́yìn òfin tó kọ́kọ́ jẹ́ kí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ wà. Nítorí náà, ìjọba ìbílẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lórí ilé kíkọ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gé igi tàbí rẹ́ ẹ lọ́wọ́ níbẹ̀, ó ní láti fi tó wọn létí ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú. Àṣẹ méjèèjì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ẹni tí ìjọba gbà fún, Estate lè kọ̀ fún un. Ilé tó bá wà nínú ìwé àwọn ilé àjogúnbá orílẹ̀-èdè tún ní ìdè kẹta, èyí tó dé inú ilé pàápàá. Ẹni tó bá yọ àtẹ̀gùn onígi àtijọ́ tàbí ibi ìdáná nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ láìgbàṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè pè é lẹ́jọ́ ọ̀daràn lé lórí ló dá.

Àwọn kan ń pe èyí ní ìfìtínà, ó sì ní ìdí. Ìdáhùn lè pẹ́, èèyàn lè ná owó sórí àwòrán ilé kí wọ́n sì dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ráhùn pé wọn kò jẹ́ kí òun yí fèrèsé padà sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ra ilé níbẹ̀ nítorí pé fèrèsé aládùúgbò kò yí padà. Ètò yìí wà lára ohun tó ń gbé owó ilé Dulwich ró, kò sì ṣeé ṣe láti gba ọ̀kan kí a kọ èkejì. Èrè tó bá kù lórí ilẹ̀ àti ilé tí Estate ń fi sílẹ̀ fún rẹ́ǹtì sì ń lọ síbi tí Alleyn ní kó lọ: àwọn ilé ẹ̀kọ́, ilé ìjọsìn abúlé náà, àti ilé àwọn arúgbó aláìní.

Ètò ríra ilé gan-an kò yàtọ̀ sí ti ìyókù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì máa ń ya ẹni tó ń rà fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́nu. Olùrà yóò dá iye kan, onílé yóò gbà, ṣùgbọ́n kò tíì sí ohun tó de ẹnikẹ́ni. Onílé lè gba owó tó ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn lẹ́yìn tí olùrà ti náwó sórí lọ́yà àti àyẹ̀wò. Ọjọ́ tí àwọn lọ́yà méjèèjì bá pààrọ̀ ìwé àdéhùn ni ọ̀rọ̀ tó di dandan, ìgbà náà ni olùrà sì sábà máa ń san ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé sílẹ̀. Bó bá yẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, àsansílẹ̀ rẹ̀ lè lọ. Ọjọ́ tí owó yòókù bá pé ni kọ́kọ́rọ́ ń bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀.

Owó-orí tí ìjọba ń gbà lórí ilé rírà wúwo níbi tí ilé ti wọ́n báyìí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025, pọ́n-ùn 125,000 àkọ́kọ́ kò ní owó-orí, ìpín 2 nínú 100 ló wà lórí èyí tó tẹ̀ lé e títí dé 250,000, ìpín 5 títí dé 925,000, ìpín 10 títí dé mílíọ̀nù kan àtààbọ̀, àti ìpín 12 lórí ohun tó bá lé. Ilé tí wọ́n bá tà ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀, iye tí kò ṣàjèjì fún ilé ẹbí ní Dulwich Village, yóò gba pọ́n-ùn 93,750 lọ́wọ́ olùrà fún ìjọba. Ẹni tó bá ti ní ilé mìíràn tẹ́lẹ̀, tí kò sì ní fi tuntun rọ́pò ibùgbé rẹ̀, yóò san ìpín 5 mọ́ ọn, ẹni tí kò bá sì gbé ní ilẹ̀ náà yóò tún fi 2 kún un. Ìdẹ̀ra tí wọ́n ń fún ẹni tó ń ra ilé àkọ́kọ́ kò dé orí ilé tó bá ju pọ́n-ùn 500,000 lọ, nítorí náà fúláàtì nìkan ló lè jàǹfààní rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra fúláàtì, iye ọdún tó kù lórí líìsì ni kó kọ́kọ́ bi. Bó bá ti ń lọ sísàlẹ̀ 80, báńkì kì í fẹ́ yá èèyàn lówó lé e lórí mọ́, àtisún un síwájú sì lè gbọ́n owó dànù lápò.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Amọ̀ ni ilẹ̀ Dulwich, bíi ti ọ̀pọ̀ ibi ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn amọ̀ náà á gbẹ, á súnkì. Bí òjò bá rọ̀, á mu omi, á wú. Ìpìlẹ̀ ilé ayé Victoria kò jìn, gbòǹgbò óàkù ńlá sì ń fa omi lábẹ́ rẹ̀. Bí apá kan ilé bá rì díẹ̀, ògiri á sán láti igun fèrèsé. Igi tí òfin ń dáàbò bò ló wá di igi tó ń mi ilé. Olùrà tó gbọ́n kì í fi àyẹ̀wò tí báńkì ṣe nítorí ara rẹ̀ tẹ́rùn. Ó máa ń gba ẹni tó mọ̀ nípa ilé láti yẹ gbogbo ara ilé wò, ó sì ń béèrè bóyá ilé náà ti rì rí, nítorí àwọn adójútòfò yóò béèrè. Odò Effra tún wà lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n ti bò ó mọ́lẹ̀ sínú gọ́tà láti ìgbà Victoria, ṣùgbọ́n òjò ńlá kì í gbàgbé ibi tó ń gbà tẹ́lẹ̀, omi sì ya bo ilé àwọn èèyàn ní Herne Hill àti agbègbè rẹ̀ ní ọdún 2004. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣètò àwọn ibi tí omi lè dúró sí nínú ọgbà ìtura Belair àti Dulwich Park.

Ilé ẹ̀kọ́ ló ń fa ọ̀pọ̀ ẹbí wá. Dulwich College, Alleyn's àti James Allen's Girls' School gbowó gan-an, ṣùgbọ́n àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà nítòsí náà lórúkọ, irú bíi Dulwich Hamlet àti The Charter School North Dulwich. Níwọ̀n bí jíjìn ilé sí ilé ẹ̀kọ́ ti wà lára ohun tí wọ́n fi ń gba ọmọ, títì kan sí òmíràn lè mú kí owó ilé yàtọ̀. Ààlà náà lè sún lọ́dọọdún, nítorí náà ẹni tó ra ilé nítorí ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ń ta tẹ́tẹ́.

Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kò dé Dulwich. Reluwé North Dulwich ń lọ sí London Bridge, ti West Dulwich ń lọ sí Victoria, bí ìrìn reluwé bá sì dàrú, bọ́ọ̀sì ló kù. Ní ọdún 2020, Southwark dí oríta Calton Avenue àti Court Lane mọ́ ọkọ̀, ibẹ̀ sì di gbàgede. Àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríta rí ìdákẹ́jẹ́ẹ́, àwọn tó ń gbé lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ yà sí rí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ìjà náà sì gbóná ju ohun tí èèyàn lè retí láti abúlé lọ. Olùrà yẹ kó dé ibẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, yàtọ̀ sí ọ̀sán Sátidé tí alágbàtà máa mú un lọ.

Ṣọ́ọ̀bù abúlé náà kò pọ̀, ohun tí wọ́n sì ń tà kì í ṣe èyí tí gbogbo èèyàn ń wá. Iṣu, èlùbọ́, ata rodo àti ẹja gbígbẹ kò sí níbẹ̀. Ìdúró reluwé méjì péré láti North Dulwich ni Peckham Rye, níbi tí Rye Lane wà, ọjà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà, Yorùbá pàápàá, ti sọ di tiwọn, tí wọ́n ti ń ná ọjà ní èdè Yorùbá láìwẹ̀yìn. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni àdúgbò méjèèjì wà, àmọ́ owó ilé wọn jìnnà síra gan-an.

Bí onílé Dulwich bá fẹ́ tà, lọ́yà olùrà yóò béèrè ìwé àṣẹ Estate fún gbogbo ohun tí wọ́n ti yí padà lára ilé náà, títí kan èyí tí onílé àtẹ̀yìnwá ṣe. Yóò tún béèrè ẹ̀rí pé kò sí owó ọdọọdún tó ṣẹ́kù. Ibi tí ìwé bá ti dín, ẹni tó ń tà lè ní láti lọ tọrọ àṣẹ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí, tàbí kó gé owó, nígbà mìíràn kó tún dá fèrèsé padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ kí títà tó lè lọ. Nítorí náà ni lọ́yà tó mọ agbègbè náà fi máa ń ní kí olùrà gba fáìlì ìwé àṣẹ pọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé.